Ìkòkò Préṣà Lítà 6 Nínú Ilé Tí A Ti Ń Ṣọ́ Owó Ná

Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí mo ti ń fi ìkòkò préṣà se èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ilé wa, ilé tí èmi, ọkọ mi, ìyá ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta ti ń jẹun. Lítà 6 ni èyí tí mo ń sọ nípa rẹ̀ yìí gbà, irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é, orí iná gáàsì ni mo sì ń gbé e kà. Ohun tó mú mi rà á ni pé mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo ṣírò iye tí ó ń bá oúnjẹ lọ lóṣù, mo sì rí i pé kì í ṣe ohun tí a rà lọ́jà nìkan ló ń jẹ owó náà. Gáàsì ń jẹ tirẹ̀, oúnjẹ tí a ń rà níta ní àwọn alẹ́ tí ó bá ti rẹ̀ mí kọjá kí n dáná náà ń jẹ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn oúnjẹ tí kò gbówó lórí tí wọ́n sì ń ṣe ara lóore, bí ẹ̀wà gbígbẹ lóríṣiríṣi, ẹran tó yi àti egungun, ni wọ́n máa ń pẹ́ lórí iná jù. A mọ̀ pé wọ́n dára, ṣùgbọ́n a kì í sè wọ́n tó bó ṣe yẹ, torí pé ta ni yóò ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ tí yóò tún wá dúró ti ìkòkò fún wákàtí méjì?

Bí ìkòkò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Nínú ìkòkò lásán, omi kì í gbóná kọjá ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí a bá tiẹ̀ fi iná kún iná, ṣe ni omi yóò kàn máa gbẹ, oúnjẹ kò ní tìtorí ìyẹn tètè jinná. Ìkòkò préṣà ní ọmọrí tí ó há pa, pẹ̀lú rọ́bà róbótó tí kì í jẹ́ kí oru omi ráyè jáde, nítorí náà oru á kó jọ, á máa tẹ omi mọ́lẹ̀, omi náà á sì gbóná dé nǹkan bíi 121 nínú èyí tí agbára rẹ̀ bá pé. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Denis Papin, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1679, egungun ló sì fẹ́ fi rọ̀. Òun náà ló ronú kan ihò ààbò tí ń tú oru sílẹ̀ kí ìkòkò má baà bú. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ èyí, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni wọ́n ti ṣe é nítorí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń kó dànù.

Ẹ̀wà ni mo fi kọ́kọ́ dán an wò, ẹ̀wà náà ni mo sì ṣì ń tìtorí rẹ̀ yìn ín jù lọ. Mo máa ń rẹ ẹ́ sómi lálẹ́, n óò da omi yẹn nù láàárọ̀, n óò ṣan án, n óò wá bu omi tuntun sí i. Ní ìkòkò wa àtijọ́, wákàtí kan àbọ̀ ni ó máa ń gbà mí, tí n óò sì máa bu omi kún un kí ó má baà jóná. Ní báyìí, ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìkòkò tó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, bí oru ṣe ń gba ihò kékeré orí ọmọrí jáde, àkọ́bí mi, tí ó ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tirẹ̀, á ké láti pálọ̀ pé, “Màámi, ó ti ń súfèé o!” N óò dín iná kù débi tí ó kéré jù, n óò ka ìṣẹ́jú méjìlá, n óò sì pa á pátápátá. Láti ìgbà yẹn lọ, ìkòkò ń se ara rẹ̀ láìsí iná kankan lábẹ́ rẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí oru inú rẹ̀ á fi lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo bá ṣí i, mo máa ń mú hóró kan láàárín ìka méjì: awọ rẹ̀ kò tíì bọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, inú rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní sí kókó kankan ní àárín. Àgbá gáàsì tí a máa ń lò fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti ń sún mọ́ ọ̀sẹ̀ méje.

Kí ẹ má ṣe tètè da tòmátò tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀wà tí kò tíì rọ̀, nítorí ohun kíkan kì í jẹ́ kí awọ ẹ̀wà tètè rọ̀, kódà nínú ìkòkò yìí. Ẹ̀wà tí ó bá sì ti pẹ́ jù ní ìpamọ́ lè má rọ̀ dáadáa mọ́. Ẹ̀wà pupa ńlá tí ó rí bíi kíndìnrín tún nílò àkíyèsí, torí pé májèlé kan wà nínú rẹ̀ ní tútù tí ń fa èébì àti inú rírun; híhó gidi ló ń pa á, ìgbóná lọ́wọ́ọ́wọ́ kò tó. Ìdí nìyí tí ìkòkò iná mànàmáná tí ń rọra se oúnjẹ fi lè léwu fún irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀, tí ìkòkò préṣà kò sì ní wàhálà yẹn.

Ẹran tó yi àti egungun ni ìkejì. Ẹran tí ó bá kún fún iṣan kì í sábà gbówó lórí, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì nínú ìkòkò yìí sì tó láti sọ iṣan náà di ohun rírọ̀ tí ó ń yọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n omi egungun ló yí ọbẹ̀ wa padà jù. Dókítà ti kìlọ̀ fún ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Kó tó di ìgbà yẹn, èròjà amọ́bẹ̀dùn bíi màgí, tí iyọ̀ kún inú rẹ̀, ni mo fi ń mú ọbẹ̀ dùn. Ní báyìí, mo máa ń se egungun, àlùbọ́sà àti ìdí kárọ́ọ̀tì pọ̀ fún wákàtí kan, mo máa ń jẹ́ kí ó tutù, mo sì máa ń gé ọ̀rá tí ó dì sójú rẹ̀ kúrò. Omi tó kù nípọn débi pé nínú fíríìjì, ó máa ń gbọ̀n bíi jẹ́lì. Màmá jẹ ọbẹ̀ tí mo kọ́kọ́ fi se tán, wọ́n sì bi mí bóyá mo ti gbàgbé ohun tí dókítà wí, torí pé wọ́n rò pé mo tún ti fi iyọ̀ kún un.

Ewébẹ̀ kò bá ìkòkò yìí mu rárá. Láàárín ìṣẹ́jú méjì ni ewé tútù yóò ti rọ̀ jù, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì ti ṣú. Ẹja náà bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì ń jinná nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò tó nǹkan.

Mo ní ẹ̀sùn méjì. Èkíní ni ìwé àlàyé tí ó bá a wá: wọ́n kọ ọ́ pé kí a má kún ìkòkò kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé ìdajì ni ti ẹ̀wà, nítorí pé ẹ̀wà máa ń wú, ó sì máa ń yọ ìhó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kún un dé ìdá méjì nínú mẹ́ta yẹn, ìhó sì dí ihò orí ọmọrí rẹ̀. Omi ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í tú yaa sí ara ògiri, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo pa iná, mo kó àwọn ọmọ jáde kúrò nínú ilé ìdáná, a kò sì padà síbẹ̀ títí ó fi tutù. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń gbé ọmọrí sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí n tó dé e, bí n kò bá rí ojú ọ̀run gba inú ihò náà, n óò fi abẹ́rẹ́ gún un.

Ẹ̀sùn kejì ni ti rọ́bà. Nígbà tí mo ti lò ó fún oṣù mẹ́sàn-án, ó ti le, oru ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ìkòkò kò sì lè súfèé mọ́. Ẹni tí ó tà á fún mi kò ní òmíràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìkòkò olówó gọbọi fi wà nílẹ̀ láìwúlò. Rọ́bà máa ń gbó, kì í ṣe àléébù. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi ní ọjọ́ tí mo rà á.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó béèrè fún rọ́bà kejì kí ó tó sanwó, bí wọn kò bá sì ní in, kí ó wo ìkòkò mìíràn. Èmi yóò tún ra èyí bí ó bá bàjẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra àlòkù tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Lítà 3 tó fún ẹni tí ó ń dá gbé. Fún ilé bíi tiwa, lítà 6 yìí ń fún wa ní ẹ̀wà tí ó tó oúnjẹ alẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo máa ń pín in sínú abọ́ tí kò jìn kí ó lè tètè tutù, kí ó sì wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé, a sì máa ń jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Rọ́bà tuntun ti wà nínú dúrọ́ọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ tí mo fi ń gún ihò.