Spitfire: ọ̀dà 1940 àbí ti 1941?

Àbúrò mi ní Sùúrùlérè ń to àwòṣe kékeré Spitfire, ọkọ̀ òfuurufú ogun Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ọ̀dà wo ni kóun kùn ún. Ti 1940, nígbà tí Jámánì ń ju bọ́ǹbù sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀ ewé tó ṣú àti àwọ̀ ilẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti oṣù kẹjọ 1941, àwọ̀ eérú rọ́pò àwọ̀ ilẹ̀, torí ìjà ti ń lọ sórí òkun; abẹ́ rẹ̀ náà di eérú tó mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Ti 1940 ló wù mí jù: ó gbóná lójú bí oko lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n àmì lílẹ̀ tó bá páálí rẹ̀ wá ni kó kọ́kọ́ wò, kó mọ ọdún tó wà fún. Ọ̀dà 1940 lórí àmì 1942, àṣìṣe gidi ni. Èyí tó wù kó mú, kó bu funfun díẹ̀ sí i, torí ọ̀dà máa ń ṣú jù lára nǹkan kékeré.