Ìrọ̀lẹ́ ìtàn ní Under G: ìlú Mobile, òwú àti ogun

₦1,000 ni owó ìwọlé, àwọn ọmọdé ń san ìdajì. Òkè ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan ní Under G, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, ni yàrá náà wà. Ìtàn ìlú Mobile ni mo lọ gbọ́, èbúté kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù Amẹ́ríkà.

Ọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi àwòrán hàn wá lára ògiri: ìdì òwú lórí ìdì òwú létí omi. Aṣọ òkè ni mò ń tà, mo mọ ìyà tó wà nídìí òwú kó tó di fọ́nrán. Nígbà tó ní ẹrú ló ń já gbogbo rẹ̀, àyà mi já.

Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Síbẹ̀, ní 1860, Timothy Meaher, ọlọ́rọ̀ kan ní Mobile, rán William Foster, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, lọ sí Ouidah, èbúté kan ní Dàhòmì (Benin òde òní). Nǹkan bí 110 èèyàn ló fi ọkọ̀ Clotilda kó dé lóru, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má baà tú. Ní 2019 ni wọ́n tó fìdí òkú ọkọ̀ náà múlẹ̀ lábẹ́ omi. Kossola, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè, wà lára wọn. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló mú un.

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí Àríwá àti Gúúsù bá ara wọn jà, ló sáré kọjá. Ó kàn ní Mobile bọ́ sọ́wọ́ ará Àríwá ní oṣù kẹrin 1865, ó tán. Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tó jà ní Blakeley, nítòsí Mobile, ńkọ́?

Ohun tó wá lẹ́yìn ogun ló dùn mí jù. Àwọn tí Clotilda kó wá ti gba òmìnira, wọ́n fẹ́ padà wálé, owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n bẹ Meaher kó fún wọn nílẹ̀, ó kọ̀. Ni wọ́n bá ń la pákó, àwọn obìnrin ń ta ẹ̀fọ́, títí wọ́n fi ra ilẹ̀, tí wọ́n dá Africatown, àdúgbò tiwọn, sílẹ̀. Ọwọ́ ìdílé Meaher yẹn náà ni wọ́n ti ra lára rẹ̀. Ìyá tó jókòó tì mí pariwo pé, “Wọ́n tún sanwó fún un!”

Ohun kan ṣì kù díẹ̀ káàtó. Ọdún 1860 yẹn náà ni Ìbàdàn àti Ìjàyè kọjú ìjà síra wọn, nítòsí wa níbí, ogun tó kó èèyàn lẹ́rú. Ọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà kò fẹnu bà á. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wa gbọ́ pé àwa náà ta ara wa. Mo sọ fún un, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ tètè dé bí ẹ bá ń lọ. Àga kò tó, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo fún ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn.