Máṣìn tuntun, jíà aláriwo: àgbéyẹ̀wò ọ̀kadà tí mò ń gùn l'Ógbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dára. Ọ̀kadà yìí lágbára. Ẹ́ńjìnnì 100cc ni, jíà rẹ̀ mẹ́rin. Kajú ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lápá Ìkòyí-Ilé ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, àpò ńlá kì í sì í sú u gbé, bẹ́ẹ̀ ni epo tó ń mu kò pa mí lára. Ẹ̀yìn rẹ̀ le díẹ̀ tó bá bọ́ sí kòtò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko ní Oríire á mọ̀ pé ó sàn kó le ju kó rọ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni, ìràwọ̀ márùn-ún ni ǹ bá fún un. Jíà ló ba nǹkan jẹ́.

Àwọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣá nígbà tí wàhálà jíà yìí bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, bí mo bá fa kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tó ń ya agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà, tí mo ki í sí jíà kìíní, á dún "gbàà!", á sì ta síwájú bíi pé mo ti jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ṣì kéré. Tó bá ti gbóná, pàápàá ní Tákìé nígbà tí mọ́tò bá dí ojú títì, nútírà, ibi tí jíà kankan kì í ti í mú, di àwátì. Lórí máṣìn yìí, ìkíní ló wà nísàlẹ̀, nútírà tẹ̀lé e, kó tó kan ìkejì. Màá fi gìgísẹ̀ rọra tẹ̀ ẹ́, á fo nútírà bọ́ sórí ìkejì. Màá dá a padà, á tún bọ́ sórí ìkíní. Gbogbo ìgbà yẹn, mo di kílọ́ọ̀ṣì mú ṣinṣin o, síbẹ̀ máṣìn ń wọ́ lọ, bírékì ni mo fi ń dá a dúró. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí ni pé bí mo bá ń ti ìkejì bọ́ sí ìkẹta lójú títì, nígbà mìíràn kò ní í wọ ibì kankan. Ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké, máṣìn ò lọ mọ́. Bí tírélà bá wà lẹ́yìn ẹni lọ́nà Ìlọrin, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Mo gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi. Ọmọ tó wà níbẹ̀ kò tiẹ̀ gùn ún wò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dààmú, ó ṣì tuntun ni. Á rọ̀." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Irin tuntun máa ń le lóòótọ́ kí wọ́n tó bára wọn mu, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ní kí èèyàn má sáré àsápajúdé ní ìbẹ̀rẹ̀, kó sì tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n líle tuntun a máa dín kù bí èèyàn ṣe ń gùn ún ni. Tèmi ń burú sí i, ó sì ń burú jù nígbà tó bá gbóná. Ìyàtọ̀ yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "á rọ̀" lé yín lọ.

Mẹkáníìkì kan létí títì ní tirẹ̀ ní kí á tú ẹ́ńjìnnì. Máṣìn tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ń dán! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Bàbá kan ní Sábó ló wá bá mi dé ìdí ọ̀rọ̀. Kò mú sípánà rárá, ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ṣé tó bá tutù ni, àbí tó bá gbóná? Ṣé gbogbo jíà ni, àbí ẹyọ kan? Tí ẹ́ńjìnnì bá kú ńkọ́, ṣé o ti ki jíà náà wò?" Mo ní rárá, mi ò tíì dán ìyẹn wò. Ó ní ká gbé e sórí dọ́bù sítáàǹdì, ká pa á. Ó ń fi ọwọ́ kan yí táyà ẹ̀yìn, ó ń fi ọwọ́ kejì ki jíà: kìíní, nútírà, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ó sì tún dá wọn padà. Gbogbo wọn wọlé wẹ́rẹ́. Ó ní a gbọ́dọ̀ máa yí táyà, torí eyín inú jíà kì í wọ ara wọn tí wọn kò bá ṣe déédéé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti torí ìyẹn sọ pé jíà tó dáa ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà ló tan ẹ́ńjìnnì, ó fa kílọ́ọ̀ṣì pátápátá, ó ki í sí ìkíní. Táyà ń yí. Ó ní ìyẹn nìkan kò tíì ṣe nǹkan, torí ọ́ìlì lásán lè fà á yí díẹ̀. Ó wá rọra tẹ bírékì ẹ̀yìn. Táyà dúró, ṣùgbọ́n ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀ gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. "Ọmọ mi, jíà rẹ ò ṣe nǹkan kan. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ ni kì í jọ̀wọ́ tán."

Àlàyé rẹ̀ yé mi. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni àwọn pílétì kílọ́ọ̀ṣì wà, wọ́n tò léra wọn. Bí a bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kí wọ́n yàgò fúnra wọn kí agbára ẹ́ńjìnnì má dé ọ̀dọ̀ jíà mọ́. Bí wáyà tí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ń fà bá dẹ̀ jù, wọn ò ní í yàgò tán, jíà á máa bá agbára ẹ́ńjìnnì jà kó tó wọlé tàbí kó tó jáde. Ariwo àárọ̀ yẹn ní tirẹ̀, àwọn pílétì máa ń lẹ̀ mọ́ra mọ́jú bí ewé tútù ni. Ó ní kí n tó tan máṣìn, kí n ki í sí jíà, kí n fa kílọ́ọ̀ṣì, kí n sì tì í síwá-sẹ́yìn díẹ̀. Mo ń ṣe é, ariwo náà sì dín kù púpọ̀.

Wáyà tuntun máa ń nà, rọ́bà ara rẹ̀ náà á jókòó sáyè rẹ̀, ìyẹn ló ṣe yẹ kí àwọn tó tà á ti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà sáfíìsì àkọ́kọ́. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì tèmi ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ kó tó mú. Ìwé tó bá máṣìn wá ní kí àyè tó wà lẹ́nu rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 10 sí 20. Bàbá yí nọ́ọ̀tì, ó dé ibẹ̀, ó sì dúró. Ẹ má fún un pa o! Tí kò bá sí àyè rárá, pílétì kò ní í di ara wọn mú tán: ẹ́ńjìnnì á ké, máṣìn ò ní í sáré, pílétì á sì jóná. Wọ́n tún ti fún wáyà náà mọ́ abẹ́ ọwọ́ ìdarí. Ó tú u, ó sì tún un gbà lọ́nà tí kò fi ní í ká.

Ó ní kí n tún wo ọ́ìlì. Ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n po ohun tí ń mú irin yọ̀ mọ́, ó dáa fún mọ́tò, ṣùgbọ́n ó lè mú kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà máa yọ̀. JASO MA tàbí MA2, àmì ọ́ìlì tó bá kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà mu, ni kí ẹ wá lára ike rẹ̀. Ní ti bí ọ́ìlì ṣe ki tó, 20W-50 ni ìwé tèmi sọ.

Kò wá tíì kan ìkẹta tó ń bọ́ sọ́nà. Títún tí a tún kílọ́ọ̀ṣì ṣe kò wò ó sàn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí n fi bàtà òjò tí mo wọ̀ tẹ jíà. Ẹ̀yìn irin jíà ń kan irin ìtẹ́sẹ̀ kó tó rìn tán! Wọ́n ti dè é sílẹ̀ jù láti ibi tí wọ́n ti tò ó. Ó tú bóòtì rẹ̀, ó yọ ọ́, ó gbé e sókè ní eyín kan, ó dè é padà. Láti ìgbà náà, ìkẹta ò bọ́ mọ́. Ó ṣàlàyé pé tó bá jẹ́ pé jíà wọlé tán, tó wá ń fo jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí máṣìn bá ń fa ẹrù, tó sì jẹ́ jíà kan náà nígbà gbogbo, inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ni kí n gbé e lọ kí gàrańtì tó tán.

Owó tó gbà kò tó owó gálọ́ọ̀nù epo kan. Máṣìn náà, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Àwọn tó tà á, méjì, ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n fún mi ní ìwé rẹ̀. Ìkejì ṣì máa ń le díẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó móoru, ìyẹn ni mo lè pè ní tuntun. Ṣùgbọ́n iná nútírà máa ń tàn nígbà mìíràn tí jíà sì wà ní ìkejì, mi ò sì ní í gba "á rọ̀" lórí ìyẹn nígbà tí mo bá gbé e lọ fún sáfíìsì tó ń bọ̀.