Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì fún ọrùn ọwọ́ tó tún ń kú: ohun tí ojú mi rí

Oṣù 9 rèé tí wọ́n tún ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi là nítorí carpal tunnel, ìyẹn àìsàn tí iṣan ìmọ̀lára ti ń há nínú ihò ọrùn ọwọ́. Èyí àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ó lé díẹ̀, kí ọwọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú lóru: àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ẹ̀gbẹ́ kan ìka òrùka. Ọmọńdinrín nìkan ni kò sí níbẹ̀. Aago 2 òru ni mo máa ń jí, tí màá máa gbọn ọwọ́ bí ẹni ń gbọn omi dànù.

Dókítà tí mo kọ́kọ́ lọ bá ní ká tún un là kíá, kò bi mí ní nǹkan kan. Inú mi dùn gan-an pé mi ò gbà. Ìbéèrè tí dókítà kejì fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ṣé ó fìgbà kan lọ?" Mo ní ó lọ pátápátá. Ó ní tí kò bá lọ rárá, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọn ò gé ọ̀já líle tó bo ihò ọrùn ọwọ́ tán. Tó bá lọ tó wá padà, àpá tó hù yí iṣan ìmọ̀lára ká ló sábà máa ń fún un pa. Ó yẹ ọrùn tó gbé orí mi dúró wò, ó ní kí wọ́n dán iṣan ọwọ́ náà wò, ó sì gún mi lábẹ́rẹ́ sí ọrùn ọwọ́. Ara tù mí fún ọ̀sẹ̀ 3. Ó ní àmì rere ni.

Ojú mi là sílẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ náà, ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi oògùn mú kú. Ó là á kọjá ojú àpá àtijọ́ kó lè kọ́kọ́ rí iṣan náà níbi tí àpá ò dé, ó wá ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ọ̀rá láti ìsàlẹ̀ ọmọńdinrín, láì já a kúrò níbi tó ti ń gba ẹ̀jẹ̀, ó fi bo iṣan náà kí àpá má bàa tún lẹ̀ mọ́ ọn.

Oorun ló kọ́kọ́ padà. Bọ́tìnnì ṣì ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi fún oṣù mélòó kan. Orí ìka ìfábẹ̀lá ṣì ń kú díẹ̀, ẹran ìdí àtàǹpàkò tó ti joro ò sì padà. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í sábà dára tó àkọ́kọ́. Ohun tí wọn ò sọ ni bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe máa dùn mí tó tí mo bá fi ọwọ́ tilẹ̀ dìde.

Ẹ gba àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ yín kí ẹ tó lọ. Tèmi pẹ́ kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni dókítà ti mọ ibi tí wọ́n gé dé.