MSI B450 Tomahawk MAX: bọ́ọ̀dù owó pọ́ọ́kú tó gba overclock ní Àkúrẹ́

Overclock ni kéèyàn fi kún ìsáré processor ju bó ṣe wá lọ. Lọ́dọ̀ Intel, kéèyàn tó lè ṣe é, àfi kí bọ́ọ̀dù (motherboard) jẹ́ oní-Z, kí processor náà sì ní K lẹ́yìn orúkọ. Méjèèjì ló wọ́n. Àwọn bọ́ọ̀dù Intel H61 àti H310 tí wọ́n ń tò sórí káńtà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. AMD ló rọ àpò lọ́rùn: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo processor Ryzen wọn ló ṣí sílẹ̀ fún overclock, bọ́ọ̀dù B450 sì gbà á. A320 ni kò gbà á, bó ti wù kó jọ B450 tó.

Nínú àwọn B450, Tomahawk MAX tí MSI gbé jáde ní 2019 la fara mọ́ jù, nítorí VRM rẹ̀. VRM ló ń sọ iná 12V tó ń ti power supply bọ̀ di nǹkan bí 1.3V tí processor ń lò. Bí ẹ bá ṣe ń fi kún ìsáré ni iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá ń pọ̀ sí i, tí ooru náà sì ń le sí i. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù olówó kékeré ló fi VRM sílẹ̀ láìbo nǹkan kan lé e. Nínú yàrá tí kò ní AC ní Àkúrẹ́ lóṣù Kẹta, irú wọn á gbóná débi pé bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ á fa processor sẹ́yìn, géèmù á wá máa ta kọ́sẹ̀. Heatsink tó nípọn ni Tomahawk fi bo tirẹ̀. Iná aláràbarà kì í tu VRM lára o.

Processor Ryzen 5 2600 ló yẹ ẹ́ jù. Ryzen 5 3600 ń sáré dé 4.2GHz fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá dè é mọ́ 4.0 lè pàdánù dípò kó jèrè. Ẹ tan PBO (ètò AMD tó ń fi kún ìsáré fúnra rẹ̀) fún ìyẹn, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.

Fún 2600, ẹ tẹ Delete bí kọ̀ǹpútà bá ń tan kẹ́ ẹ lè wọ BIOS (ojú ètò bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀), ẹ tẹ F7, kẹ́ ẹ wọ OC. CPU Ratio di 39 (3.9GHz nìyẹn), CPU Core Voltage di 1.30V, ẹ tan A-XMP kí RAM lè sáré dé iye tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ fi Cinebench R23, ètò tó ń fún processor níṣẹ́ líle, dán an wò fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ máa fi HWiNFO wo ooru. Tí kò bá ti kọjá 80°C, ẹ gbìyànjú 40. Tó bá dì gbagidi, ẹ kọ́kọ́ dín ratio kù kẹ́ ẹ tó fi kún iná. Ẹ má kọjá 1.35V. Fáànù Wraith Stealth tó bá a wá kò lè gbé ẹrù yìí, ẹ ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò tan mọ́, ẹ yọ wáyà iná, kẹ́ ẹ fi ẹnu sukudiráìfà kan pin méjì tí wọ́n kọ JBAT1 sí pọ̀ díẹ̀, ohun gbogbo á padà sípò. Bó bá jẹ́ alẹ́ nìkan ló ń kú, tí iná BEDC ti rẹlẹ̀, ẹ má dá bọ́ọ̀dù lẹ́bi. Stabilizer àti power supply ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Kò ní WiFi, ihò M.2 (ti SSD) kan ṣoṣo ló sì ní. HDMI ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gbé àwòrán kankan jáde pẹ̀lú 2600, torí processor náà kò ní graphics nínú. Àìmọye bọ́ọ̀dù tó yè ni wọ́n ti pè ní òkú nítorí èyí.

Tokunbo ló pọ̀ jù ní ọjà báyìí, láti Ìkẹjà lọ̀pọ̀ sì ti ń dé Àkúrẹ́. Ẹ ka orúkọ tó wà lára bọ́ọ̀dù gan-an, kì í ṣe ti páálí. Ẹ rí i pé MAX wà níbẹ̀. Ẹ wo bóyá capacitor kan ti wú. Ẹ béèrè irin ẹ̀yìn tí síkírúù fáànù ń wọ̀, torí wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ sọnù, fáànù kò sì ní dúró láìsí i. Tí ẹ bá fẹ́ lo Ryzen 5000, bọ́tìnnì Flash BIOS á gba BIOS tuntun láìsí processor: fláàṣì FAT32, fáìlì tẹ́ ẹ sọ ní MSI.ROM, kẹ́ ẹ ki í bọ ihò tí wọ́n kọ Flash BIOS sí, kí wáyà 24-pin àti 8-pin sì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.