Terre d'Hermès: Òórùn Irin Lára Òkúta

Ọdún kejì rèé tí mo ti ń lo Terre d'Hermès, ìgò kejì ló sì wà lọ́wọ́ mi báyìí. Lọ́fínńdà ọkùnrin ni, láti ilé iṣẹ́ Hermès ní ilẹ̀ Faransé. Jean-Claude Ellena, ọmọ ìlú Grasse tí wọ́n ń pè ní ìlú lọ́fínńdà, ló pò ó. Ọdún 2004 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, nígbà tó di 2006, èyí ti dé orí àtẹ.

Àwa ará Ìlọrin ò ṣàjèjì sí òórùn dídùn. Bí èèyàn bá gba iwájú mọ́ṣáláṣí ńlá kọjá lọ́jọ́ Jímọ̀, mísíkì, údù àti tùràrí ni yóò máa pàdé lára aṣọ. Mo fẹ́ràn gbogbo wọn, àmọ́ wọ́n wúwo, àgàgà nínú oòrùn oṣù kẹta. Terre ò rí bẹ́ẹ̀. Èèpo ọsàn ló kọ́kọ́ máa ń yọjú, omi kíkan tó máa ń ta síni lójú nígbà tí ọlọ́sàn bá ń fi abẹ bó o. Òórùn ata díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ọsàn yẹn kì í pẹ́ lọ nínú ooru wa. Kí ẹni tó bá tìtorí ọsàn rà á mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òkúta á dé, òun gan-an ló mú mi rà á. Tó bá di ọdún Iléyá, bàbá mi á jókòó sẹ́yìnkùlé láàárọ̀, á wọ́n omi sí òkúta ìpọ́nrin, á wá máa fi ọ̀bẹ lọ ọ́ síwá sẹ́yìn. Omi dúdú kan á máa ṣàn sílẹ̀, òórùn tútù kan á sì gba imú, irin àti òkúta pa pọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fín lọ́fínńdà yìí sí ọrùn ọwọ́ mi, ẹ̀yìnkùlé wa ni mo bá ara mi. Àwọn àgbà ṣáà ní ibi tí Òjó tó kọ́kọ́ dó síbí ti ń lọ irin rẹ̀ ni Ìlọrin ti gba orúkọ. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń fún òróró lára òkúta o. Àwọn èròjà mìíràn ni Ellena tò jọ títí imú fi gbà pé òkúta ni. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn lójú mi.

Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni igi wà: kédárì, àti vetiver, tó jẹ́ gbòǹgbò koríko kan tí wọ́n ń gbìn púpọ̀ ní Háítì. Iso E Super náà wà níbẹ̀ dáadáa, èròjà tí wọ́n ṣe ní yàrá àyẹ̀wò, tó ń rùn bíi pákó tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Imú máa ń tètè mọ́ ọn lára débi pé ẹni tó fín in kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, mo rò pé ó ti tán lára mi, mo bá tún fín in. Àbúrò kan nínú ọ́fíìsì dìde, ó ṣí fèrèsé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó ti pọ̀ jù." Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta péré láàárọ̀, ìyàwó mi ṣì ń gbọ́ ọ lára àgbádá mi lálẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà nílùú yìí, ìdajì owó oṣù mi ló gbé lọ. Ọsàn wà níbẹ̀, àmọ́ mo dúró títí, òkúta ò dé, nígbà tó fi máa di wákàtí kan, kò sí òórùn kankan mọ́. Ẹni tó tà á fún mi ò gbà á padà. Ìgò gidi wúwo lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ nípọn, bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, ẹ ó rí lẹ́tà H aláwọ̀ ọsàn nísàlẹ̀.

Bàbá mi kì í fín in lọ sí mọ́ṣáláṣí nítorí ọtí tó wà nínú rẹ̀. Òróró mísíkì tiwọn ni wọ́n ń fi pa ara. Mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo na ọwọ́ sí wọn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, "Òkúta ìpọ́nrin mi nìyí."