Tetramer gB fún eku tó ní herpes: ẹ bá wọn béèrè ẹ̀, àmọ́ ẹ mọ ohun tí kò lè ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi eku ṣiṣẹ́ lórí herpes ní làábù, ẹ gbọ́ o, tetramer Kb/gB (èròjà tá a fi ń wá T cell, sẹ́ẹ̀lì ara tó ń bá àrùn jà, tó mọ herpes) tí NIH Tetramer Core, làábù tí ìjọba Amẹ́ríkà ń náwó sí ní yunifásítì Emory, l'Átílántà, ń ṣe yẹn dáa gan-an. Wọn ò gbowó lórí ọjà fúnra ẹ̀, owó tí wọ́n fi máa kó o ránṣẹ́ lẹ máa san, àmọ́ ẹ máa kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe.

MHC mẹ́rin, ìyẹn protein tó ń gbé ègé fáírọ́ọ̀sì han T cell (Kb ni irú èyí), ni wọ́n so pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé SSIEFARL dání, ègé amino acid 8 péré láti ara protein gB ti HSV-1, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa herpes. T cell tó bá dá ègé yẹn mọ̀ á dì mọ́ ọn, àwọ̀ tó wà lára tetramer náà á sì tàn nínú ẹ̀rọ flow, tó ń ka sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú eku C57BL/6, gB yìí ni ọ̀pọ̀ CD8 wọn (T cell tó ń gbógun ti sẹ́ẹ̀lì tó ní fáírọ́ọ̀sì) máa ń dojú kọ, torí náà tó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ ti fún wọn ní fáírọ́ọ̀sì, ẹ máa rí wọn nínú spleen, wọ́n á kóra jọ sọ́tọ̀ gedegbe, kò ní sí pé bóyá òun ni bóyá òun kọ́.

Ibi tó wù mí jù ṣá ni ganglion trigeminal, ìdì neuron (sẹ́ẹ̀lì nerve) tó wà fún ojú, níbi tí fáírọ́ọ̀sì ń sá pamọ́ sí tí egbò bá ti jinná. Àwọn CD8 yìí wà níbẹ̀ o, wọ́n jókòó ti neuron bí ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru, wọn ò dẹ̀ pa á! Granzyme B, enzyme tí wọ́n ń tú jáde, máa ń gé ICP4, protein tí fáírọ́ọ̀sì nílò kó tó lè jí, 2008 ni wọ́n ti gbé ìyẹn jáde, síbẹ̀ ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Àwọn mìíràn wà nínú awọ ara, àwọn tó ní àmì CD69 àti CD103 lára, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọn kì í padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Ibi tó kù sí ni pé ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ ka iye wọn, àmọ́ kò ní sọ bóyá wọ́n ṣì lè jà, ìyẹn ẹ máa wá IFN-γ, èròjà tí wọ́n ń tú jáde tí wọ́n bá ń jà, mọ́ ọn. Ẹni tó ń lo eku BALB/c kó má wulẹ̀ béèrè ẹ̀, wọn ò ní Kb rárá. Ẹ má gbé e sí fírísà o, fíríìjì 4°C ni, kí iná má tàn sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yan àwọ̀, PE ni kẹ́ ẹ mú fún ganglion, torí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ò pọ̀, ẹ dẹ̀ nílò èyí tó máa tàn dáadáa.